Orí Keje: Bí A Ti Ń Mọ Bríìjì Trẹ́mólò Tó Dára, àti Iye Tó Yẹ Kí A San Lé E

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ọ̀rọ̀ yìí sì ni ẹni tó bá fẹ́ ra bríìjì trẹ́mólò fún gìtá oníná yóò fi sọ́kàn kó tó tọwọ́ bọ àpò. Bríìjì yìí ni irin tó jókòó sí àyà gìtá, tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba orí rẹ̀ kọjá, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ lára rẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún onígìtá. Bí a bá tẹ ọ̀pá náà, okùn a dẹ̀, ohùn a sì rọ̀ wálẹ̀; bí a bá fà á sókè, okùn a le, ohùn a sì gòkè; bí a bá sì rọra ń mì í, ohùn a máa gbọ̀n rìrì, a sì máa wọ olùgbọ́ lára. Mímú ohùn jáde nílé kò ṣòro fún irinkírin. Mímú un padà sí ibi tó ti gbéra gan-an ni iṣẹ́ tí à ń sanwó fún. Bríìjì tí kò bá lè ṣe èyí, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi bò ó, ẹrù lásán ni lára gìtá. Nítorí náà, ohun gbogbo tí a ó yẹ̀ wò ní orí ìwé yìí, ìbáà ṣe irin tí wọ́n fi rọ ọ́, ìbáà ṣe sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí orúkọ ẹni tó ṣe é, a ó máa bi í léèrè pé kí ni ó fi ran àbọ̀ ohùn lọ́wọ́.

Ìdílé mẹ́ta tí ẹ ó máa bá pàdé

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bríìjì trẹ́mólò ṣe ń dán yinrin nínú àpótí ọlọ́jà, tí ojú òpè kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Ìdílé mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde wá, a kò sì lè díye lé ọmọ láìmọ ilé tí wọ́n ti bí i.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni ti Paul Bigsby, ará Downey ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Merle Travis, akọrin àti ògbóǹtagí onígìtá, ló gbé trẹ́mólò kan tí Doc Kauffman hùmọ̀ tọ Bigsby lọ pé kó bá òun tún un ṣe, nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í padà sílé. Bigsby sì kúkú ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà ni wọ́n fi ṣe é, sípíríǹgì kan ṣoṣo tó nípọn ló gbé ọ̀pá rẹ̀ dúró, orí igi gìtá sì ni gbogbo rẹ̀ jókòó sí láìjẹ́ pé a gbẹ́ ihò ńlá sí ẹ̀yìn. Ìmì jẹ́jẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ okùn títí tí yóò fi rọ̀ jọwọlọ kò gbọdọ̀ yà sí ilé yìí.

Ìdílé kejì ni ti Leo Fender ní Fullerton, ní California kan náà. Ọdún 1954 ni gìtá Stratocaster jáde, tòun ti bríìjì tí súkúrù mẹ́fà so mọ́ igi ní iwájú, tí búlọ́ọ̀kù irin kan ti abẹ́ rẹ̀ wọ inú igi gìtá lọ, tí sípíríǹgì sì ń fa búlọ́ọ̀kù náà láti ẹ̀yìn kí okùn tó ń fa bríìjì láti iwájú má baà borí. Ní ọdún 1956 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Fender ní ìwé ẹ̀tọ́ pé òun ló hùmọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ṣáájú rẹ̀, ohùn okùn kì í pẹ́ lórí rẹ̀ kó tó kú. Wọ́n dà á nù, wọ́n sì wá búlọ́ọ̀kù wúwo yìí fún un kí ohùn lè rí ibi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù yóò fi gùn díẹ̀ níwájú.

Ìdílé kẹta ni ti Floyd Rose, onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni tí ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1979. Ohun tó rí ni pé ibikíbi tí okùn bá ti lè yọ̀, ibẹ̀ ni ohùn ti ń ṣìnà. Ó sì ti okùn pa ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ní orí nọ́ọ̀tì, èyíinì ni ọ̀pá kékeré tí okùn gbà kọjá ní òkè ọrùn gìtá, àti nínú bríìjì fúnra rẹ̀. Eddie Van Halen wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e dé orí ìtàgé, láti ìgbà náà sì ni àwọn onígìtá líle ti gbà pé bí okùn tilẹ̀ dẹ̀ kanlẹ̀, yóò padà wá sí ipò rẹ̀. Àwọn ìdílé mìíràn wà, bí èyí tí Fender ṣe fún Jazzmaster ní ọdún 1958, àti Kahler, ṣùgbọ́n ìlànà àyẹ̀wò tí a ó fi lélẹ̀ nísàlẹ̀ yìí bá àwọn náà mu.

Kí n sì sọ gbólóhùn kan fún ẹ̀yin onígìtá jùjú. Ohùn tó ń yọ̀ lọ, tó ń yọ̀ bọ̀, nínú orin King Sunny Adé àti African Beats, láti ara gìtá onípẹ́dàlì tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta ló ti ń wá. Bríìjì trẹ́mólò kò lè fún yín ní ohùn náà, ẹni tó bá sì rà á nítorí rẹ̀ ti fowó ṣòfò.

Irin tí wọ́n fi rọ ọ́

Ọmọ Ògún ló mọ̀ pé irin ju irin lọ. Mẹ́ta ni ẹ ó máa bá lára búlọ́ọ̀kù bríìjì: irin gidi, idẹ, àti síǹkì tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù. Irin gidi àti idẹ wúwo ju síǹkì lọ; síǹkì yá láti dà, owó rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ni ó fi pọ̀ lára gìtá olówó pọ́ọ́kú. Àléébù síǹkì kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n méjèèjì tó láti ba ọjà jẹ́: ihò tí a ń yí ọ̀pá sí lára rẹ̀ máa ń tètè jẹ, kò sì lè gbé ẹnu tó mú láìjẹ́ pé ẹnu náà kú.

Ẹ fi òòfà kékeré kan sápò nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́jà. Irin gidi yóò gbá òòfà mú ṣinṣin. Idẹ àti síǹkì kò ní dá a lóhùn. Láti ya idẹ sọ́tọ̀ lára síǹkì, ẹ wo inú ihò tí okùn gbà wọlé, níbi tí ohun tí wọ́n fi bo irin lára kò dé dáadáa: idẹ a pọ́n rúsúrúsú, síǹkì a rí bí àwọ̀ eérú. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe fi òòfà dájọ́ àwọn ìjókòó okùn, nítorí irin tí kì í dípáàrà, tí ó sì dára púpọ̀, lè má fà mọ́ òòfà rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ike tó bo ẹ̀yìn gìtá, kí ẹ sì wo bí búlọ́ọ̀kù ti tóbi tó. Búlọ́ọ̀kù tó pé máa ń sọ̀ kalẹ̀ tó mìlímítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nínú gìtá tí igi rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 45; àwọn mìíràn tí wọ́n fi ń dọ́gbọ́n sí owó kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ, ihò okùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí èyí tó kún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ìnípọn igi gìtá rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ búlọ́ọ̀kù yóò yọ jáde lẹ́yìn, aṣọ onígìtá ni yóò sì máa ya.

Mo wà nídìí ìsọ̀ kan nígbà tí ọmọkùnrin tó ń tajà gbé bríìjì kan fún àgbàlagbà kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òrìjínà ni, ẹ wo bó ṣe ń dán. Irin pọ́ńbélé ni.” Àgbàlagbà náà kò jiyàn. Ó yọ òòfà jáde, ó fi kan búlọ́ọ̀kù, òòfà sì já bọ́ sórí tábìlì. Ó ní, “Àbúrò, mo gbọ́ ohun tí o wí, mo sì gbọ́ ohun tí òun náà wí. Ó yá, sọ iye síǹkì fún mi.” Iye tí ó san nígbẹ̀yìn kò tó ìlàjì ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ pè, inú àwọn méjèèjì sì dùn, nítorí pé síǹkì náà kì í ṣe ẹ̀gàn bí a bá rà á ní owó síǹkì.

Ibi tí bríìjì ti ń tẹ̀

Bí a bá pa gbogbo ara bríìjì pọ̀, kò sí ibi tó ṣe pàtàkì tó ibi tí ó ti ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn. Okùn mẹ́fà, tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú wọn jẹ́ 10, tí èyí tó nípọn jù sì jẹ́ 46, tí a bá tún wọn sí ohùn tí gbogbo ènìyàn ń lò, ń fa bríìjì pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi kílò 45. Sípíríǹgì ń fà á padà láti ẹ̀yìn kó má baà tẹ̀ síwájú. Ẹrù méjèèjì yìí pàdé lórí etí irin méjì péré, tí wọ́n pọ́n bí ẹnu ọ̀bẹ, tí wọ́n sì fi ara ti òpó méjì tó dúró nínú igi gìtá. Bí ẹnu yìí bá mú, tí ó sì le, ojú kan náà ni bríìjì yóò máa padà sí lójoojúmọ́. Bí ó bá ti kú, bríìjì a máa wá ibi tuntun jókòó sí nígbàkúùgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ dẹ okùn, ẹ gbé bríìjì kúrò lára òpó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wá àmì mẹ́ta. Èkíní ni kòtò: bí ẹ bá wọ́ èékánná láti òkè ẹnu náà dé ìsàlẹ̀, ó yẹ kó máa lọ geere, bí ó bá há níbì kan, òpó ti jẹ ẹ́. Èkejì ni ìdán: ojú tó ti fẹ̀, tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ ẹ́, ti di pẹlẹbẹ, kì í ṣe ẹnu mọ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n fi bò ó: bí àwọ̀ òde bá ti ṣí kúrò tí ohun eérú sì yọ lábẹ́ rẹ̀, síǹkì ni wọ́n fi ṣe ibi tó yẹ kó jẹ́ irin líle, ọjọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀ níwájú. Ẹ yẹ òpó náà wò bákan náà, nítorí ẹnu tó mú lórí òpó tó rọ̀ yóò gbẹ́ ihò sí òpó. Òpó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, igi gìtá ló ń ya lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà sì ti kún owó bríìjì nìyẹn.

Bríìjì onísúkúrù mẹ́fà ti Fender àtijọ́ kò ní òpó, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló mú un. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fá ní abẹ́ kí irin lè rí ojú tẹ̀ lára súkúrù. Bí ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ bá ti yí gbogbo súkúrù náà wọlé kanrin, bríìjì kò ní lè gbéra, kì í sì í ṣe ẹ̀bi bríìjì. Ẹ jẹ́ kí súkúrù fẹ̀ díẹ̀ sí ara irin, kí ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1986 sí 1987, nígbà tí American Standard dé, ni Fender ti ń lo òpó méjì lára púpọ̀ nínú àwọn Stratocaster tuntun rẹ̀, àwọn onísúkúrù mẹ́fà sì ń bá a lọ lára àwọn tí wọ́n ṣe ní àwòrán ti àtijọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá ń yí òpó sókè sódò nígbà tí okùn ṣì le koránkorán ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá ẹnu bríìjì dànù. Ẹ bi ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ fún yín bí ó ti ń ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ ọjọ́ orí ẹnu náà fún yín ju bí ojú ti lè rí lọ.

Àwọn ohun kéékèèké

Ìjókòó okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó kàn. Ẹ fi ọwọ́ mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì yóò máa fi ohùn ṣeré. Ẹ wo àwọn súkúrù tíńtìntín tó gbé wọn sókè. Níbi tí òógùn ọwọ́ àti atẹ́gùn òkun bíi ti Èkó bá ti dé, ìpáàrà máa ń mú wọn ṣáájú ohun gbogbo, ẹni tó bá sì fẹ́ yí wọn lẹ́yìn ìyẹn yóò kàn fi igun súkúrù ṣòfò ni. Súkúrù mẹ́ta tó ti kú ju ẹgbẹ̀rún ìdán lọ nínú ìdúnàádúrà.

Lára ti Floyd Rose, ẹ tú okùn kan, kí ẹ yọ irin kékeré tó ń há a mọ́ inú ìjókòó rẹ̀. Ojú rẹ̀ yẹ kó tẹ́jú. Bí okùn bá ti gbẹ́ ilà jíjìn sí i, tàbí tí ó ti sán, okùn yóò máa yọ̀, ìdí tí a fi ń ti okùn pa sì ti di asán. Èyí kì í wọ́n púpọ̀ láti pààrọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọlọ́jà yọ ọ́ nínú owó.

Ní ti ọ̀pá, ẹ yí i wọlé, kí ẹ sì fi ìka kan tì í síwá sẹ́yìn. Àyè tó bá wà láàárín ìgbà tí ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í mì àti ìgbà tí bríìjì gbọ́ ni onígìtá yóò máa pàdánù nínú orin. Díẹ̀ lára ti àtijọ́ kò burú, nítorí pé sípíríǹgì kékeré kan ni Fender fi sínú ihò náà láti máa há ọ̀pá, ó sì lè ti sọnù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá ń jó nínú ihò síǹkì, ẹnu ihò náà ló ti jẹ. Ní ti sípíríǹgì ńlá ẹ̀yìn, mẹ́ta sí márùn-ún ni a ń lò, wọ́n gbọ́dọ̀ gùn bákan náà, wọn kò sì wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí sípíríǹgì tó ti dípáàrà lé yín kúrò nídìí bríìjì tó dára.

Ìdánwò ìlọ àti àbọ̀

Gbogbo ohun tí ojú rí ni àṣẹ wọn kò tó ti ìdánwò yìí. A kì í dúnàádúrà ẹja nínú ibú. Bríìjì tí ẹ kò bá lè tẹ̀ lórí gìtá tó ní okùn, owó ìdánrawò ni kí ẹ san lé e.

Ẹ lo okùn tí a ti fà dáadáa, nítorí okùn tuntun a máa gùn sí i fúnra rẹ̀. Ẹ so túnà mọ́ orí gìtá, ẹ tún okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gún régé, kí ẹ sì kọ ohun tí abẹ́rẹ́ túnà wí sílẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀pá wálẹ̀ títí ohùn yóò fi rọ̀ tó ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì ta okùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn èyí, bí bríìjì bá lè gòkè, ẹ fà á sókè díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún wò ó.

Ìtumọ̀ ohun tí ẹ ó rí rèé. Bí okùn kan tàbí méjì péré bá yẹ̀, tí ó gòkè lẹ́yìn ìtẹ̀, tí ó sì rọ̀ lẹ́yìn ìfàsókè, nọ́ọ̀tì òkè ọrùn ló há okùn náà mú. Okùn kẹta, èyí tí a ń tún sí G, ni ó sábà máa ń jẹ̀bi. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù dúdú ra ojú nọ́ọ̀tì níbi tí okùn gbà, kí ẹ tún dán an wò: bí ó bá sàn, bríìjì yìí kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jọ yẹ̀ sí ọ̀nà kan náà, tí wọ́n ní ilé kan lẹ́yìn ìtẹ̀ àti ilé mìíràn lẹ́yìn ìfàsókè, ẹnu bríìjì tàbí òpó ló ti jẹ, kò sì sí òróró tó lè wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ bríìjì rere ni wọ́n ti tà ní gbàǹjo nítorí ẹ̀ṣẹ̀ nọ́ọ̀tì, ẹni tó bá sì mọ ìyàtọ̀ yìí yóò rà wọ́n ní ẹ̀dínwó.

Ẹ pa ampílífáyà, kí ẹ tún ta okùn láìlo iná. Ohùn tó bá ń dún bí ìgbà tí irin ń gbo irin wá láti ara súkúrù tó tú tàbí sípíríǹgì. Ampílífáyà lè bò ó mọ́ yín lára nínú ìsọ̀, ṣùgbọ́n kò ní bò ó nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ẹ sì rántí pé bríìjì tó léfòó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra bí ìmọ̀ràn Fender pé kí àyè tó tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ní ìwà tirẹ̀: bí okùn kan bá já, ohùn àwọn márùn-ún yòókù yóò gòkè lójú ẹsẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka fa okùn kan lórí ọrùn, àwọn yòókù yóò rọ̀ díẹ̀. Ìwà ìdílé nìyẹn, kì í ṣe àìsàn.

Ìwọ̀n

Bríìjì tó dára tí kò bá gìtá yín mu kò yàtọ̀ sí èyí tó bàjẹ́. Lára Stratocaster ti àtijọ́, àyè tó wà láàárín okùn kìíní àti ìkẹfà lórí bríìjì jẹ́ íǹṣì 2 7/32, tó lé díẹ̀ ní mìlímítà 56. Lára American Standard olópòó méjì, ó jẹ́ íǹṣì 2 1/16, tó sún mọ́ mìlímítà 52. Ẹni tó bá fi èyí tó gbòòrò sórí ọrùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò rí i pé okùn etí ń já bọ́ kúrò lórí ọrùn nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọn àárín súkúrù kìíní sí ìkẹfà náà, nítorí ìwọ̀n méjèèjì yìí wà lára wọn pẹ̀lú. Òpó Floyd Rose jìnnà sí ara wọn ní mìlímítà 74, igi gìtá sì ní láti ní ihò tirẹ̀. Ìjókòó okùn rẹ̀ tẹ̀ ní ìwọ̀n íǹṣì 10, nígbà tí ọrùn Fender àtijọ́ tẹ̀ ní 7.25. Ọ̀pá náà ní ìwọ̀n: ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 10-32, ti Éṣíà sì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 6 tàbí 5, ẹni tó bá sì fi tipá yí ọ̀kan sí ihò èkejì ti ba méjèèjì jẹ́.

Iye owó

Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògo tí à ń wí pín sí méjì nínú ọjà yìí: ògo iṣẹ́ àti ògo orúkọ, ọ̀tọ̀ sì ni owó ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ti Floyd Rose. Èyí tí wọ́n ń pè ní Original, tí Schaller ti ń ṣe ní Jámánì fún ọdún pípẹ́, irin líle ni ẹnu rẹ̀, ó sì wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1000 Series ń ti Kòríà wá, owó rẹ̀ sì wà láàárín. Èyí tí wọ́n ń pè ní Special ní ìjókòó okùn àti búlọ́ọ̀kù síǹkì, ó sì rọjú. Orúkọ kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́, nítorí náà ẹ bi ọlọ́jà léèrè èwo ni. Àwọn mìíràn ní àkọlé “Licensed Under Floyd Rose Patents” lára. Ohun tí èyí ń wí kò ju pé ẹni tó ṣe é gbàṣẹ lọ. Edge ti Ibanez àti 1996T ti Gotoh ní Japan gbàṣẹ bẹ́ẹ̀, àwọn ògbóǹtagí sì ń wá wọn kiri. Àwọn kan náà tún gbàṣẹ, tí ẹnu wọn kò lé ọdún díẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ ọdún 1979 sì ti parí tipẹ́. Ẹ kàwé ara irin, ṣùgbọ́n ẹ fi èékánná ṣèdájọ́. Bákan náà ni ti Bigsby: B50 àti B70 jẹ́ ti àṣẹ, owó wọn kò sì gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ilé.

Ní ti Fender àtijọ́, àwọn tó ń kó ohun ìgbàanì jọ a máa fowó ṣe iṣẹ́ ìyanu. Oṣù kìíní ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ CBS ra Fender ní mílíọ̀nù dọ́là 13, láti ìgbà náà sì ni bríìjì tí wọ́n ṣe ṣáájú ọjọ́ yẹn ti wọ́n ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irin gidi ni wọ́n ń fi ṣe búlọ́ọ̀kù títí di nǹkan bí ọdún 1971, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ dà. Bríìjì ọdún 1968 àti ti ọdún 1963 ń ṣe iṣẹ́ kan náà lábẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ orí ni olówó ń san àfikún lé. Ẹni tó fẹ́ fi gìtá ṣeré, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kó ìṣúra pamọ́, kò ní ìdí láti san án. Bí ẹ bá sì fẹ́ san án, ẹ rántí pé wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ tuntun tó ní àkọlé “PAT. PEND.” lára ìjókòó okùn bí ti àtijọ́, àkọlé nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí ìpáàrà, ìjẹ ẹnu ihò àti ìtàn gìtá náà jọ sọ ohun kan náà.

Èrò tèmi lórí gbogbo rẹ̀ rèé. Ẹni tí kì í lo ọ̀pá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú orin mẹ́wàá, bríìjì tí kì í mì ni kó rà. Yóò sàn fún un, okùn tó já kò sì ní ba orin rẹ̀ jẹ́ láàárín ìsìn. Ẹni tó ń mì í jẹ́jẹ́, irú ti Fender tí ó ní búlọ́ọ̀kù irin àti ọ̀pá tí kì í jó nínú ihò ti tó fún un, ì báà jẹ́ Gotoh tàbí Wilkinson ló ṣe é. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ lójoojúmọ́, kó fi owó jọ títí yóò fi tó ra èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin líle, kó má sì ra ti pọ́ọ́kú lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ tẹ ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan péré sí i, kí ẹ sì wo túnà: bí abẹ́rẹ́ kò bá padà sí ipò rẹ̀, ẹ dá owó yín padà sápò.